Wọ́n Ní Fọ́tò Orí Àǹtí Mi Mọ́

Ní gáréèjì Àkúrẹ́ ni Bọ̀dá mi ti kọ́kọ́ sọ ọ́. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n ti ya fọ́tò inú orí Àǹtí mi ni. Ó fa fọ́tò náà yọ láti inú àpò tí wọ́n fi fún wa, ó gbé e sókè kọjú sí oòrùn, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ẹyin adìẹ bóyá ó ti bàjẹ́. Awakọ̀ ń pariwo Ìkàrẹ́, Ìkàrẹ́. Àǹtí mi ti jókòó sínú ọkọ̀, ó ń wo iwájú láìṣẹ́jú.

"Ó mọ́," Bọ̀dá ní. "Wò ó fúnra rẹ. Orí ọmọ ìyá mi mọ́ tónítóní."

"Bọ̀dá, ìgbà wo ni ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka fọ́tò orí?"

"Ẹni tó kọ ìwé mọ́ ọn ńkọ́? Òun náà ò mọ̀wé?"

Lóòótọ́ ni ìwé náà sọ pé kò sí ẹ̀jẹ̀ tó dà sínú ọpọlọ, kò sí èéwo níbẹ̀, pé ọpọlọ kàn súnkì díẹ̀ bíi ti ẹni tó ti ń dàgbà. Ẹni tó kà á fún wa lójú wíńdò ló gé e kúrú. Ó ní, "Ó mọ́, Bàbá." Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni Bọ̀dá gbé wálé bí ẹni gbé ẹran ìgbẹ́ wálé. Kò sí ọ̀rọ̀ tó bí mi nínú tó o láti ìgbà tí àìsàn yìí ti wọ ilé wa.

Àwa mẹ́ta ni ìyá wa bí. Bọ̀dá ni àkọ́bí, àgbẹ̀ ni, ó ń gbé nínú agbo ilé bàbá wa ní Ọ̀kà, òun náà ló sì ń bójú tó ojúbọ ìdílé. Àǹtí ló tẹ̀ lé e. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ó padà sí agbo ilé, ó ń dín gàrí tà. Èmi ni àbíkẹ́yìn. Mo ka ìwé dé ilé ẹ̀kọ́ girama, n kò kọjá ibẹ̀, iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe ní Ìkàrẹ́. Ìhà Ikaram ni ìyá wa ti wá, ibẹ̀ la sì gbé títí a fi gbọ́njú kí bàbá wa tó kó wa wá sí Ọ̀kà. Èdè ibẹ̀ kì í ṣe Yorùbá rárá. Ẹni tó bá ti Ìbàdàn wá lè jókòó tì wá láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kó má mọ̀ bóyá òun ni à ń bú. Èdè yẹn ni àwa mẹ́ta máa ń sọ nígbà tí a bá wà nínú yàrá.

Ẹsẹ̀ ni àìsàn Àǹtí mi gbà wọlé. Ìrìn rẹ̀ di ìṣísẹ̀ kéékèèké, bí ẹni tó ń rìn lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀. Lẹ́yìn náà ọwọ́ tó fi ń ro gàrí nínú agbada bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, gàrí ń jóná lójú rẹ̀. Àwọn àárọ̀ kan wà tí yóò jí bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Yóò bá àwọn èèyàn parí ìjà, yóò fi mí ṣẹ̀sín pé ìránṣọ mi ti ń wọ́, pé n kò rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Kó tó di ọ̀sán, kò ní mọ ilẹ̀kùn yàrá tirẹ̀. Ẹni tó bá bá a pàdé láàárọ̀ á ní irọ́ ni mò ń pa mọ́ ọn.

Yorùbá ló kọ́kọ́ fi í sílẹ̀. Ó ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ èsì kò wá mọ́, àfi ní èdè ìyá wa. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọdé dé. Ó ní àwọn ọmọ kéékèèké kan máa ń jókòó sórí àpò gàrí òun, wọn kì í sunkún, wọn kì í sọ̀rọ̀, aṣọ wọn mọ́. Ẹ̀rù wọn kò bà á nígbà náà. Ó máa ń bu oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ bí ilé wa ṣe rí kí ẹ lè mọ ohun tí a bá jà. Nílé wa, ohun tí àgbà bá rí, inú ilé ni í gbé. Ìyá wa náà rí irú wọn kó tó di pé ara rẹ̀ gan, ó sì kú láìsí ẹni tó mọ orúkọ àìsàn náà. Bọ̀dá gbà pé àwọn tó ṣáájú wa ni wọ́n ń yọjú, pé bí a bá sọ ọ́ fún ará òde, inú á bí wọn, wọn á sì mú ẹni tó ń rí wọn lọ. N kò fi í ṣẹ̀sín. Ó nífẹ̀ẹ́ Àǹtí ju bí ó ṣe lè sọ lọ. Ohun kejì ni pé níwájú àlejò, ẹni tó dàgbà jù lọ ni í gba ọ̀rọ̀. Àbúrò kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹ̀gbọ́n, wọn kì í sì í jẹ́ kí àgbà ṣìwí kí àlejò gbọ́. Bí àgbà bá ṣìwí, ẹni tó ń gbẹnu sọ fún un yóò tún un ṣe. A kì í pe ìyẹn ní irọ́. Ẹ̀kọ́ ilé ni.

Ẹ̀kọ́ ilé yìí ni a gbé lọ sí ilé ìwòsàn ńlá nígbà àkọ́kọ́. Dókítà náà kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún lójú mi, ó ń fi sùúrù bi Àǹtí léèrè ọ̀rọ̀.

"Màmá, ọjọ́ wo la wà lónìí?"

Bọ̀dá yí i sí èdè wa. Àǹtí wo bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ní, "Sọ fún un kó gbé àwọn ọmọ yẹn sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n máa ṣubú."

Bọ̀dá kọjú sí dókítà. "Ó ní Ọjọ́rú ni."

Ọjọ́rú sì ni lóòótọ́. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀.

"Màmá, kí lẹ jẹ láàárọ̀?"

Bọ̀dá tún yí i. Àǹtí wo Bọ̀dá fúnra rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. "Ta ni bàbá arúgbó tó ń da ìbéèrè bò mí yìí?"

Bọ̀dá tún kọjú sí dókítà. "Ó ní iyán ni, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí."

Búrẹ́dì la jẹ lójú ọ̀nà.

"Bàbá, ṣé ó máa ń rí ohun tí ẹlòmíràn ò rí?"

"Rárá o. Nílé wa kẹ̀?"

Mo la ẹnu. Bọ̀dá tẹ ẹsẹ̀ mi lábẹ́ àga, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí dókítà. "Àbúrò wa nìyí," ó ní. "Aránṣọ ni. Bí ẹ bá ní ṣòkòtò tó tóbi jù, ẹ gbé e fún un." Dókítà rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì kọjá lọ. Nígbà tí a jáde, mo sá tọ nọ́ọ̀sì kan lọ, mo ní ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò sọ. Ó ní kí n sọ ọ́ fún dókítà. Mo ní dókítà ti pe ẹlòmíràn wọlé. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, kí n sọ ọ́ nígbà tí a bá tún wá. Obìnrin náà kò sọ̀rọ̀ burúkú sí mi, àmọ́ bí mo ṣe dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, ó ń ṣe mí bíi kí n fi orí gbá ògiri.

Dókítà ló ní kí a lọ ya fọ́tò orí ní Àkúrẹ́. Inú mi dùn sí i, èmi nìkan ni mo sì mọ ìdí rẹ̀. Mo ní ẹ̀rọ kò ní Bọ̀dá tí yóò máa gbẹnu sọ fún un. Ohun tó bá wà nínú orí ni yóò gbé jáde. Wọ́n tẹ́ Àǹtí sórí pátákó tóóró kan tó ń rìn fúnra rẹ̀, ó sì gbé orí rẹ̀ wọ inú òrùka ńlá kan tó rí bí ẹnu àmù tí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ń sọ pé, "Màmá, ẹ má mira o," Àǹtí sì ń mira. Bọ̀dá bá a sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà ní èdè wa, ohùn tó fi ń bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí a wà lọ́mọdé, ó ní kó dúró bí ẹni tó ń sá pamọ́ nínú oko àgbàdo. Ó dákẹ́ síbẹ̀ láìmira títí wọ́n fi parí.

Mo sọ èyí kí ẹ má baà rò pé Bọ̀dá jẹ́ èèyàn burúkú. Àmọ́ nígbà tí fọ́tò jáde tí wọ́n ní ó mọ́, mo rí i pé ẹ̀rọ náà ti gbè é lẹ́yìn.

Ó sọ ọ́ ká gbogbo agbo ilé. Ó mọ́, ó mọ́. Àwọn obìnrin tó ti ń ṣàánú Àǹtí tẹ́lẹ̀ yí padà. Ọ̀kan sọ lójú mi pé, "Bí orí bá mọ́, a jẹ́ pé ọ̀lẹ ló kù." Wọn ò bá a gbé omi mọ́. Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ro mí, èmi náà kò sì ní àlàyé gidi kan. Ìwé ló sọ pé ó mọ́. Ta ni mo jẹ́?

Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọdé orí àpò gàrí yí ìwà padà. Àǹtí ní wọ́n ti dàgbà, wọ́n sì fẹ́ kó òun lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí Bọ̀dá wà lóko, ó gbé ọmọ odó, ó ń fi lé wọn káàkiri àgbàlá, ó sì ń ké. Àwọn aládùúgbò pe ọkùnrin kan tó ń ta oògùn nítòsí. Ó gún un ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń mú ẹni tí orí rẹ̀ dà rú rọlẹ̀. Àǹtí dákẹ́. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ó sì tún wá gún un lọ́jọ́ kejì.

Nígbà tí mo fi dé láti Ìkàrẹ́, Àǹtí mi ti gan bí igi. Ọrùn rẹ̀ kò yí, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ojú nìkan ló ń rìn. Bọ̀dá jókòó tì í pẹ̀lú ife ògì lọ́wọ́, ògì náà ti tutù, kò sì lọ sísàlẹ̀.

"Bọ̀dá," mo ní, "ṣé orí tó mọ́ nìyí?"

Ó fi aṣọ nu itọ́ náà.

Dókítà obìnrin kan ló gbà wá nígbà tí a padà lọ. Ó ti ju mí lọ lọ́jọ́ orí, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó gbé apá Àǹtí sókè, apá náà ń lọ tẹ́-tẹ́-tẹ́ bí ilẹ̀kùn tí àgbékọ́ rẹ̀ ti dípẹtà. Ó béèrè abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún un. Mo ti mú ìgò rẹ̀ dání. Ó wò ó, ojú rẹ̀ le.

"Ẹ gbọ́," ó ní. "Kí wọ́n tó gún èyí, ṣé ó máa ń rí èèyàn tàbí ẹranko tí kò sí níbẹ̀?"

"Rárá," Bọ̀dá ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," mo ní. "Àwọn ọmọdé ni. Ó ti pẹ́."

Bọ̀dá yíjú sí mi, ó sì sọ ọ́ ní èdè ìyá wa, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pé mo ti ta ilé wa. Mo fi èdè kan náà dá a lóhùn pé ó sàn kí n ta ilé ju kí n sin Àǹtí lọ. N kò tíì bá a sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá kí n gbọ́," dókítà ní.

"Ọ̀rọ̀ ilé ni, mà."

"Ọ̀rọ̀ ilé yẹn gan-an ni mo ń wá."

Bọ̀dá fa fọ́tò yọ, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì bí ẹni tó mú ìwé ilẹ̀ wá sí kóòtù. "Dókítà, èyí rèé. Wọ́n ní ó mọ́."

Obìnrin náà kò tilẹ̀ gbé e sí iná. "Bàbá, ṣé ẹ máa ń jẹ iyán?"

"Ọmọ Àkókó ni mí."

"Bí iyán bá wà nínú ìkòkò tí mo dé, tí mo ya fọ́tò ìkòkò náà, ṣé ẹ ó rí kókó inú iyán nínú fọ́tò yẹn?"

Bọ̀dá fa fọ́tò náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Dókítà wá ṣàlàyé fún wa. Ó ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní purotéènì wà nínú ọpọlọ gbogbo wa tó ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Nínú orí àwọn kan, ó máa ń ká sódì, á lẹ̀ mọ́ra, á ṣe kókó, àwọn kókó náà á sì máa pa ọpọlọ níbi tí wọ́n bá wà. Ó ní oríṣiríṣi rẹ̀ ló wà, kókó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àìsàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tó fura sí lára Àǹtí mi ló máa ń mú kí ẹsẹ̀ wúwo, kí iyè èèyàn máa lọ kó máa bọ̀, kí ó máa rí ohun tí kò sí. Ẹni tó bá ní i, abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún un yẹn lè pa á. Kókó wọ̀nyí kéré ju ohun tí fọ́tò Àkúrẹ́ lè rí lọ.

"Kí wá la yà á fún?" Bọ̀dá ní. Ìbéèrè yẹn wà nínú èmi náà.

"Kí a lè mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe èéwo. Ìyẹn ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe. Ẹni tó ní ó mọ́ kò parọ́. Ẹ̀yin lẹ gbọ́ ọ bíi pé kò sí àìsàn."

Mo bi í bóyá ẹ̀rọ kan wà tó lè rí kókó náà, níbikíbi. Ó ní lókè òkun, wọ́n ní oògùn kan tí wọ́n ń fà sínú iṣan tí yóò lọ lẹ̀ mọ́ kókó, ẹ̀rọ á sì rí ibi tó ti ń tàn. Ó ní ti àìsàn ìgbàgbé mìíràn tó wọ́pọ̀ jù ni wọ́n rí ṣe dáadáa. Irú ti Àǹtí mi yìí, àwọn tó mọ̀ ọ́n jù pàápàá ṣì ń wá oògùn tí yóò fi í hàn kedere. Ẹ̀rọ míì wà tó lè fi ibi tí ọpọlọ ti ń kú hàn, kò sì sí èyí tó wà lọ́wọ́ òun nínú gbogbo rẹ̀.

"Kí lẹ fi ń mọ̀ ọ́n nígbà náà, mà?"

"Ohun tí ẹ bá sọ fún mi."

Inú bí mi sí gbogbo ayé níjókòó yẹn. Mo ti rìn jìnnà nítorí kí n lè bọ́ lọ́wọ́ ẹnu èèyàn, ẹnu èèyàn náà la tún padà sí. Mo ní kí wọ́n ya orí tèmi náà. Mo sọ ti ìyá wa fún un. Mo ní ìyá wa lọ báyìí, Àǹtí mi ń lọ báyìí, èmi ló kàn. Ó wò mí, ó ní ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í tẹ̀ lé ìdílé, àmọ́ òun kò lè búra.

"Ẹ ṣáà yà á, mà."

"Wọ́n á ní ó mọ́. Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

Mo ṣì ń bi ara mi ní ìbéèrè yẹn bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ó fi òfin de abẹ́rẹ́ náà, ó kọ oògùn mìíràn tí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, ó ní kí a máa padà wá. Ó ní oògùn yìí, bó bá kéré jù, àwọn ọmọdé á máa dà á láàmú. Bó bá pọ̀ jù, yóò tún gan. Ẹni tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa sọ fún òun bó ṣe ń rí lójoojúmọ́. Bọ̀dá lẹni tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀. Èmi wà ní Ìkàrẹ́, ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo ń dé ibẹ̀. Ara Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó gbé ògì mì, ọrùn rẹ̀ yí. Bọ̀dá kò sì bá mi sọ̀rọ̀. Bí mo bá bi í pé báwo ni Àǹtí ṣe sùn, yóò ní, "Bi dókítà rẹ." Mo gé ọ̀rọ̀ mi sí ìwọ̀n bí ẹni gé aṣọ, mo bẹ̀ ẹ́, mo bínú, mo tún bẹ̀ ẹ́. Nígbà míì mo máa ń rò ó pé bí Àǹtí bá kú nítorí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí, wọ́n á tún ní àwọn àgbà ló mú un lọ, Bọ̀dá á sì gbà á gbọ́ títí òun náà á fi kú.

Nígbà tí àkókò àtipadà lọ tó, n kò rò pé Bọ̀dá máa wá. Ó wá. Ó wọ agbádá rẹ̀ tó dára jù, bí ẹni ń lọ bá àwọn àna sọ̀rọ̀. Dókítà béèrè bí Màmá ṣe ń ṣe. Ó wo Bọ̀dá, kò wò mí. Mo ti ń múra láti sọ ìwọ̀nba tí mo mọ̀, nígbà tí mo gbọ́ tí Bọ̀dá bi Àǹtí léèrè ní èdè ìyá wa pé, "Ta ló wà nínú yàrá yìí?"

Àǹtí fèsì. Bọ̀dá kọjú sí ògiri, ó sì yí i sí Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, bí ẹni ń yọ ẹ̀gún.

"Ó ní ọmọbìnrin kan wà lórí tábìlì yín. Ó ní kì í ṣe ọmọ burúkú. Ó ní ẹ̀yin fúnra yín, ẹ rù jù, ẹ máa jẹun." Ó dúró. "Ó ní òun ò mọ ẹni tí èmi jẹ́."

"Ṣé ó máa ń sọ bẹ́ẹ̀ nílé?"

"Lójoojúmọ́. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń le. Láàárọ̀ ó mọ̀ mí. Oògùn ìrọ̀lẹ́, bó bá ti lò ó, kò lè dìde lọ tọ̀. Èmi ni mò ń gbé e."

Dókítà ń kọ ọ́, ó ń bi í, Bọ̀dá ń fèsì, gbogbo ohun tó ti fi pamọ́ ń jáde, títí kan èyí tí èmi kò mọ̀. Dókítà dín oògùn ìrọ̀lẹ́ kù. Bó ti rí nìyẹn, kò gùn.

Ní oríta Ọ̀kà, níbi tí wọ́n ti máa sọ̀ kalẹ̀ kí èmi tó tẹ̀ síwájú sí Ìkàrẹ́, Bọ̀dá gbé Àǹtí sọ̀ kalẹ̀ ná. Ó wá padà sẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, ó di ilẹ̀kùn mú. Kò wo ojú mi.

"Ìwọ náà," ó ní, "ọjọ́ tí o bá bẹ̀rẹ̀ sí í rí wọn, èmi ni kí o kọ́kọ́ sọ fún. Má fi pamọ́ fún mi."

Inú bí mi. Mo ní ta ló sọ fún un pé èmi yóò rí nǹkan kan, pé kó fi mí sílẹ̀. Awakọ̀ ti ń fẹ́ lọ. Mo tún yọjú síta, mo ní mo gbọ́.